Ẹsẹ̀ Tí Kò Tẹ Ìlà

Ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún ni Ọládùnní, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ń wá ẹni tó mọ pápá ìsáré Maiduguri bí ẹní mọ ẹ̀yìnkùlé baba rẹ̀, òun ni kó lọ bá. Olùkọ́ eré ìdárayá ni, ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan tí kò jìnnà sí ọ̀nà Dalori. Iṣẹ́ ìjọba ló gbé Déwálé ọkọ rẹ̀ wá sí Borno, òun náà sì di ẹrù tẹ̀ lé e. Nígbà tí ìlú le, tí ọ̀pọ̀ àwọn ará ilé wọn ní 1000 Housing Estate ń padà sí ilẹ̀ Yorùbá, àwọn ò lọ. Kì í ṣe pé wọ́n láyà ju àwọn yòókù lọ. Gòkè àkọ́bí wọn àti àwọn àbúrò rẹ̀ ti ń fi Hausa jà, wọ́n ti ń fi Hausa sọ̀rọ̀ lójú oorun. Ibo ni wọ́n fẹ́ kó wọn lọ?

Òun náà ti sáré rí. Eré mítà irinwó ni tirẹ̀, kí orúnkún tó dá a dúró. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí ara rẹ̀ ta gìrì lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí Yakaka. Ewúrẹ́ kan já okùn mọ́ ọmọbìnrin náà lọ́wọ́ lẹ́bàá ọ̀nà, ni ó bá gbá tẹ̀ lé e, tòun ti hìjáàbù lọ́rùn, ó sì bá ewúrẹ́ náà kó tó dé ìdí igi dogonyaro. Ọládùnní dúró, ó la ẹnu sílẹ̀. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni, ọmọ Kanuri kan báyìí tí kì í sọ̀rọ̀, tó máa ń jókòó sẹ́yìn kíláàsì. Láti ọjọ́ náà ló ti mú un sábẹ́ ìtọ́jú ara rẹ̀. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi apá sáré, ó sì bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí tí ìyẹn fi gbà pé kí ọmọ náà máa wá sí pápá ní ọ̀sán. Láàárín ọdún méjì, kò sí ọmọbìnrin tó lè sún mọ́ Yakaka nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó wà nítòsí.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ yan àwọn tí yóò lọ ṣojú ìpínlẹ̀ ní Abuja ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Àwọn tó yẹ kó ṣọ́ ìlà kò pé. Ọ̀gbẹ́ni Mark, tó jẹ́ olórí àwọn adájọ́ lórí pápá, gbé àsíá yẹ́lò kan fún Ọládùnní, ó ní kó lọ dúró ní kọ́nà tó kẹ́yìn, kó gbé e sókè bí ẹnikẹ́ni bá tẹ ìlà.

Ọládùnní ní, "Ọ̀gá Mark, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mi wà nínú eré yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹlòmíràn síbẹ̀."

Mark rẹ́rìn-ín. "Malama, ẹlòmíràn dà? Gbogbo wa la ní ọmọ níbí."

Ni ó bá lọ dúró.

Àgbàrá òjò èṣí ti gbẹ́ lénì kìn-ín-ní, ìyẹn ojú ìsáré tó wà nínú jù lọ, dà bí kòtò, nítorí náà wọn kò fi ẹnikẹ́ni síbẹ̀. Lénì kejì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn ọmọ. Yakaka wà ní lénì karùn-ún. Ní lénì kẹrin, tòun ti aṣọ àwọ̀ ewé, Ayọ̀midọ̀tun ló wà níbẹ̀, ọmọ ìdílé Yorùbá kan tó ń gbé lẹ́yìn ilé Ọládùnní gan-an. Ìyá ọmọ náà àti Ọládùnní jọ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì kan náà.

Ìbọn dún. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń gbé eruku, ṣùgbọ́n ojú Ọládùnní là kedere nígbà tí wọ́n dé kọ́nà rẹ̀. Ó rí i tí Yakaka tẹ̀ síwájú, tí Ayọ̀midọ̀tun fẹ́ bá a. Ó rí i tí ẹsẹ̀ òsì Ayọ̀midọ̀tun tẹ ìlà ẹfun, tó sì bọ́ sínú lénì ẹlòmíràn, tó tún bọ́ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta. Ọmọ tó ń pè é ní Àǹtí nìyẹn. Síbẹ̀, iṣẹ́ niṣẹ́ ń jẹ́. Ó gbé àsíá sókè.

Yakaka ló kọ́kọ́ já okùn, Ayọ̀midọ̀tun ṣe ìkejì. Mark sáré dé ìdajì ọ̀nà, ó nahùn láti ọ̀ọ́kán: "Lénì wo?" Ọládùnní na ìka mẹ́rin sókè, ó kígbe pé, "Na huɗu! Ìkẹrin!" Mark mi orí, ó yí padà sọ́dọ̀ àwọn tó wà nídìí tábìlì.

Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn fi sọ̀rọ̀. Wọ́n ní wọ́n ti yọ Yakaka kúrò nínú eré nítorí pé ó tẹ ìlà. Wọ́n ní Ayọ̀midọ̀tun ló gba ipò kìn-ín-ní.

Ọládùnní kọ́kọ́ rò pé etí òun ni. Ìgbà tó rí Yakaka tó dúró láàárín pápá, tó ń wo àwọn èèyàn lójú lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí kò gbọ́ èdè, ló tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó fi kọ́nà sílẹ̀, ó tiro dé ìdí tábìlì.

"Ọ̀gá Mark, kì í ṣe Yakaka! Lénì kẹrin ni mo wí. Karùn-ún ni ọmọ yẹn wà."

"Ẹ̀yin lẹ na ìka mẹ́rin sí mi. Mo kà á, ẹni kẹrin ni."

"Àwọn èèyàn lẹ kà. Ẹ gbàgbé pé lénì kìn-ín-ní ṣófo! Ẹ wo ilẹ̀ níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀."

Mark wo ibẹ̀. Ọládùnní rí i lójú rẹ̀ pé ó ti yé e. Ojú náà rọ fún ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Gbogbo pápá ti gbọ́, àwọn àlejò ti pàtẹ́wọ́, ọ̀gá ńlá kan láti iléeṣẹ́ ìjọba sì jókòó sábẹ́ kánópì. Mark yọ fìlà, ó tún un dé.

"Malama, ilé ẹ̀kọ́ yín kọ́ ni ọmọ náà ti wá?"

"Ibẹ̀ ni. Mo sọ fún yín kí eré tó bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀. Kò sí lọ́wọ́ mi mọ́."

Ọkùnrin mẹ́ta ló wà nínú ìgbìmọ̀ náà. Alága wọn fi sùúrù gbọ́ ọ, ìyẹn gan-an ló sì dun Ọládùnní jù.

"Àsíá yín ló gòkè?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ẹ sọ pé ìkẹrin?"

"Lénì kẹrin, sà. Kì í ṣe ẹni kẹrin."

"Nígbà tí wọ́n wá pe orúkọ ọmọ yín, ni ọ̀rọ̀ yí padà. Madam, bó bá jẹ́ èmi náà, bóyá bẹ́ẹ̀ ni n ó ṣe."

Wọ́n pe Ayọ̀midọ̀tun. Ó ní òun ò mọ̀, pé nígbà tí òun dé kọ́nà yẹn, òkùnkùn ti bo òun lójú. Ọládùnní mọ̀ pé kò purọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀," ni Ọládùnní wí. "Ó ṣì wà níbẹ̀. Nínú lénì kẹta ni, kò dé ọ̀dọ̀ Yakaka rárá."

Àwọn ọkùnrin náà wojú ara wọn. Alága ń fa bàtà rẹ̀ wọ̀ láti dìde ni ìbọn tún dún. Eré àwọn ọkùnrin ti bẹ̀rẹ̀. Ọládùnní dúró, ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe gba kọ́nà náà kọjá ní wìtìwìtì, tí eruku sọ lálá. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, ìlà ẹfun pàápàá kò ṣe é rí mọ́. Alága tún jókòó.

Ìyá Ayọ̀midọ̀tun ti gbọ́ kí Ọládùnní tó délé. Ó wọlé tọ̀ ọ́ wá, kò kí ẹnikẹ́ni.

"Ìyá Gòkè, ṣé èmi lẹ fẹ́ ṣe báyìí? Ọmọ wa lẹ fẹ́ já lulẹ̀ nítorí ọmọ ọlọ́mọ?"

"Ìyá Ayọ̀, ojú mi ló rí i."

"Ẹ ò lè di ojú náà? Nílẹ̀ àjèjì?"

Ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n pe Yakaka nílé, ọmọ Ọládùnní ni wọ́n pè é ní pápá. Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, Déwálé ní, "Fi sílẹ̀. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu." Ọládùnní mọ̀ pé òótọ́ ni. Síbẹ̀ ó tún lọ sí iléeṣẹ́ eré ìdárayá ìpínlẹ̀. Wọ́n ní orúkọ ti lọ sí Abuja. Ó tún wá Mark lọ; Mark sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó bá a ké sí kẹ̀kẹ́, kò sọ ọ̀rọ̀ eré náà rárá.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, tí Yakaka kò wá sí ilé ẹ̀kọ́, Ọládùnní wọ kẹ̀kẹ́ Napep lọ sí Dalori. Ìyá ọmọ náà tẹ́ ẹní fún un, ó bu omi wá, ó kí i, ó kí ọkọ àti àwọn ọmọ rẹ̀. Kò bínú. Ọládùnní ì bá fẹ́ kó bínú. Yakaka wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó ń wo ẹní.

"Malama, na taka layin?" Ṣé lóòótọ́ ni òun tẹ ìlà?

"A'a, Yakaka. Kì í ṣe ìwọ. Wallahi, kì í ṣe ìwọ."

"Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ gbé àsíá."

Ọládùnní ṣàlàyé ọ̀rọ̀ lénì tó ṣófo fún un, ó fi ìka ya ìlà sínú yẹ̀pẹ̀ tó wà létí ẹní. Ọmọ náà ń mi orí, bí ọmọ ṣe ń mi orí fún àgbà tí kò fẹ́ kí ojú tì. "Ba komai, Malama," ó wí. Kò séwu.

Ó padà sí ilé ẹ̀kọ́, ó sì padà sí pápá, nítorí pé Ọládùnní bẹ̀ ẹ́. Nígbà náà, àwọn yòókù ti lọ sí Abuja, wọ́n sì ti padà dé. Ẹsẹ̀ Yakaka ṣì yá ní ojú ọ̀nà tó tọ́, ṣùgbọ́n bó bá ti fẹ́ wọ kọ́nà, á dorí kodò, á máa wo ìlà, eré á sì kú mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Àwọn ọmọ tí kò tó o sá rí bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lára rẹ̀.

"Ki duba gaba!" Ọládùnní á kígbe láti ẹ̀gbẹ́ pápá. "Wo iwájú, Yakaka! Iwájú!"

Ọmọ náà á gbọ́, á gbé orí sókè bí ẹni tó jí. Kó tó rìn jìnnà, orí á tún ti wálẹ̀.