Ọjọ́ tí Mo Gbójú Kúrò Lára Rẹ̀

Fún ọdún mẹ́fà gbáko, Abẹ́òkúta ni mo ti ń gba oògùn mi. Agége ni mò ń gbé, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò ní Ìkẹjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, kò sì sí ẹni tó mọ̀ mí ní Abẹ́òkúta. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, n óò wọ ọkọ̀ ojú irin láàárọ̀, n óò sọ fún àwọn ará ilé pé mò ń lọ kí ẹ̀gbọ́n mi. N kò ní ẹ̀gbọ́n kankan níbẹ̀. Tí mo bá gba oògùn tán, n óò ki òwú bọ inú ike rẹ̀ kó má baà máa dún nínú báàgì.

Àrùn kògbóògùn ni wọ́n ń pe HIV nílé wa ní Èkìtì. Lára tèmi, ó gbóògùn. Mo sanra padà, mo ń ṣiṣẹ́, nọ́ọ̀sì sì sọ fún mi pé kòkòrò náà ti lọ sílẹ̀ débi pé àyẹ̀wò kì í rí i mọ́. Òun náà ló bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Ìyá, kí lẹ̀ ń ti Èkó wá ṣe? Oògùn yìí ti dé ilé ìwòsàn kékeré tó wà ládùúgbò yín. Ọ̀fẹ́ náà ni níbẹ̀."

Mo rò ó títí. Orúnkún ń dùn mí, ìrìn náà sì ti sú mi. Mo gbà.

Ìgbà kejì tí mo lọ síbẹ̀ ni mo rí i. Obìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ni, ará Ògbómọ̀ṣọ́, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ẹ̀gbẹ́ mi ló máa ń dúró sí nídìí ẹ̀rọ. Àǹtí ló ń pè mí, tó bá sì kírun ọ̀sán tán, á bù nínú oúnjẹ rẹ̀ fún mi. Lọ́jọ́ náà, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn aboyún àtàwọn tó wá gba oògùn ibà, káàdì tí mo fi ń gba oògùn wà nísàlẹ̀ báàgì. Ó wọlé, tiẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Irú kan náà ni. Ojú wa ṣe mẹ́rin.

Mo dorí kọ báàgì, mo ń wá ohun tí kò sọnù. Nígbà tí mo fi gbójú sókè, kò sí níbẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó kí mi níbi iṣẹ́. "Ẹ kú àárọ̀, Àǹtí." Mo ní, "Kú àárọ̀." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo sọ fún ara mi pé àṣírí rẹ̀ ni mò ń bò. Irọ́ ni. Tèmi ni mò ń bò. Kò pẹ́ tó fi bẹ ọ̀gá pé kí wọ́n gbé òun lọ sí ibi tí wọ́n ti ń di ẹrù.

Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Ó dà bíi pé hìjáàbù rẹ̀ ń tóbi sí i. Tí iná bá lọ tí ẹ̀rọ dákẹ́, mo máa ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀ láti òdì kejì. Mo mọ ikọ́ yẹn, èmi náà ti wú u rí. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ pé tó bá di ọ̀la, n óò pè é sí kọ̀rọ̀.

Nígbà tí kò wá síbi iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo béèrè ilé rẹ̀, mo lọ. Ìyá rẹ̀ ti dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó jókòó tì í lórí ẹní, ó ń fi aṣọ tútù nù ún lára. Nígbà tí ìyá jáde lọ gbé omi kaná, mo sún mọ́ ọn.

"Ṣé o ṣì ń lò ó?"

"N kò padà síbẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ tí mo rí yín."

"Kí ló dé?"

"Ẹ gbójú kúrò lára mi, Àǹtí. Mo ní ẹ ti kórìíra mi nìyẹn. Ẹ̀rù sì ń bà mí pé ẹ ó sọ ọ́ níbi iṣẹ́."

"Oògùn yẹn náà ni mo wá gbà lọ́jọ́ náà," ni mo wí. "Ó ti lé lọ́dún mẹ́fà tí mo ti ń lò ó."

Kò bínú. Ìbá sàn kó bínú. "Mo rò pé ti ẹ̀jẹ̀ ríru lẹ wá gbà ni," ló wí.

Èmi àti ìyá rẹ̀ gbé e sínú kẹ̀kẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó di ọsibítù. Wọ́n ní ikọ́ ẹ̀gbẹ ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́. Wọ́n sa gbogbo ipá wọn, gbogbo oògùn ló wà nílẹ̀, n kò lè purọ́ mọ́ wọn. Ó lo ọjọ́ mọ́kànlá. Ọjọ́ tó kú náà ni wọ́n sin ín.

Lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn yẹn, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ kí èèyàn báyìí. Àwọn kan máa ń dáhùn. Obìnrin kan dìde, ó lọ jókòó síbòmíràn. Tí mo bá sì rí ẹni tó wọ hìjáàbù tó kẹ́yìn sí mi, n óò dúró kó yíjú padà. Kì í ṣe òun rí.

Ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ń di ẹrù ọmọ rẹ̀, ó bi mí pé, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, kí ló ṣe ọmọ mi gan-an?"

"Ikọ́ ẹ̀gbẹ ni, Màmá."

Láti ìgbà tó ti padà sílé, ó máa ń pè mí lórí fóònù ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ dúró ti ọmọ mi," á wí. "Ọlọ́run á dúró ti àwọn ọmọ tiyín náà." Mo máa ń ṣe àmín. Tó bá ti gbé fóònù sílẹ̀ tán, tèmi á ṣì wà létí mi.