Gìtá Bàbá Mi Tí Mo Gán Bí Igbá

Láti ìgbà tí ojú bàbá mi ti fọ́, gìtá rẹ̀ nìkan ló ń bá a ṣeré. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé ní Kábà, tó sì gbọ́ ìró ọ̀kadà tó gbé mi, á kígbe kí mi pé, "Okun o!" láìdá orin dúró. Nígbà tí ọyẹ́ mú, àyà gìtá náà là láti ẹnu ihò rẹ̀ títí dé ìdí. Bàbá gbé e sílẹ̀, kò kọrin mọ́. Oúnjẹ pàápàá, kò jẹ ẹ́ tán mọ́. Ẹ̀rù bà mí.

Mo gbé gìtá lọ bá káfíńtà. Ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ó fi igi méjì há a mọ́ra, ó ní kí n gbé e sí ibòji fún ọjọ́ mẹ́ta. Èmi tí n kì í lè dúró kí omi hó! Mo gbé e sóòrùn kó lè tètè gbẹ. Ibi tó là tún gùn sí i. Káfíńtà wò ó, ó wò mí, ó ní kí n lọ ra tuntun. Bàbá ní òun kò fẹ́ tuntun. Mo jágbe mọ́ ọn pé kí ló wá fẹ́ kí n ṣe. Ọ̀rọ̀ náà sì dùn mí ju òun lọ.

Igbá ni ìyá mi olóògbé máa ń gán. Wọ́n á gbé igbá tó là wá láti Bùnú, ìyá mi á lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, á fi ìko rán an pọ̀. Ojú a máa tì mí tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nílé ìwé bá bá a lẹ́nu iṣẹ́ náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, mo wá irin ṣóńṣó rẹ̀ àti ìko jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo tú wáyà gìtá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lu ihò.

Ìko ya mí lọ́wọ́. Mo bú u, mo tún un rán. Níbi tí ojú lílà náà parí sí, mo rán an ní ẹ̀ẹ̀mejì tó dábùú ara wọn, kó má baà là kọjá ibẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn tí mo rí tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ àfi ìyá mi. Ká sòótọ́, iṣẹ́ náà kò dára ní wíwò rárá.

Mo ta wáyà padà, mo gbé gìtá lé bàbá lórí itan. Ìka rẹ̀ ń tẹ̀ lé ìko náà lọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó kan ibi tó dábùú, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Okun o, ìyá wọn," ló wí, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Kì í ṣe èmi ló ń kí.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Ohùn gìtá náà há díẹ̀. Kò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, n kò sì bínú. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo jókòó sí, tí mo ń sunkún, nítorí n kò sọ fún ìyá mi rí pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dára.