Orin Tí Bàbá Mi Kò Gbọ́

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Sabon Gari, àdúgbò àwọn àlejò nílẹ̀ Hausa, fóònù kan ṣoṣo ló wà nílé wa, ìtọ́jú tó sì ń gbà ju tèmi lọ. Bàbá mi ló ni ín. Ó ra àpò awọ fún un, ó ń há a mọ́ bẹ́líìtì, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí ọ̀rá tó bo ojú rẹ̀ láti ṣọ́ọ̀bù títí ọ̀rá náà fi pọ́n. Iṣẹ́ tèmi ni láti nù ún láràárọ̀, kí n fi èékánná ha káàdì tí wọ́n bá rà, kí n sì máa ka nọ́ńbà inú rẹ̀ sókè kí Bàbá máa tẹ̀ ẹ́. Bí mo bá ṣi ọ̀kan kà, etí mi ló máa fà. Bí iná bá sì dé, tí gbogbo ọmọ àdúgbò figbe ta, ẹ̀yin tí a jọ dàgbà níbẹ̀ ṣáà mọ̀ ọ́n, èmi kì í dúró pariwo. Màá ti sáré lọ ki ṣájà bọ ògiri kí àwọn ará ilé yòókù tó gba ojú ihò náà.

Ilé oníyàrá púpọ̀ la ń gbé, nítòsí Enugu Road. Láàárọ̀, òórùn àkàrà obìnrin tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ƙosai ló ń jí wa. A ó fi kunu gbígbóná tì í sọ́nà ọ̀fun, a ó gbá àgbàlá, a ó pọnmi, kí a tó gba ilé ìwé lọ. Nírọ̀lẹ́, súwè la ń fò nínú erùpẹ̀ títí ẹsẹ̀ wa yóò fi funfun. Orin sì pọ̀ nígbà náà. Kò sí ẹni tó ń ki nǹkan bọ etí láti dá gbọ́ orin tirẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ orin ńlá, gbogbo wa ló ń bá a gbọ́ tirẹ̀, bó o fẹ́ bó o kọ̀.

Èyí ni Bàbá kò lè fara mọ́. Ó ń ta mílíìkì, ṣúgà àti ọṣẹ ní Ọjà Sabon Gari, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i lọ́jọ́ Ìsinmi nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà, ẹ ó rò pé inú ìjọ Àládùúrà gan-an ni wọ́n bí i sí. Orin ayé ni ọ̀tá rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ kan tí mo ń kọ orin kan lábẹ́nu níbi tí mo ti ń fọ abọ́, ó ní kí n kúnlẹ̀, kí n káwọ́ sókè, kí n kọjú sí ògiri. Ibẹ̀ ni mo wà títí Màmá fi bá mi bẹ̀ ẹ́. Bàbá ní bí àwọn ará ìta bá gbọ́ irú orin yẹn lẹ́nu mi, kí ni wọ́n máa pe ilé òun?

Èrò tèmi rèé, ẹ má bínú sí mi. Nínú gbogbo ohun tí àwọn oní-fóònù ti gbé wá bá wa, mi ò tíì rí èyí tó gọ̀ tó kọ́là-túùnù. Ẹ rántí rẹ̀: bí ẹnì kan bá pè ọ́, dípò kó gbọ́ ìró lásán, orin ni yóò máa gbọ́ títí wàá fi gbé e. Wọ́n ń yọ owó rẹ, gbogbo ayé ń gbádùn orin, ìwọ tó o ni ín kò ní gbọ́ ọ láé. Ta ló jókòó tó ronú kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀?

Bàbá mi ní irú orin bẹ́ẹ̀ lórí fóònù rẹ̀, kò sì mọ̀. Ẹ̀yìn ìgbà tí nǹkan ti bàjẹ́ tán la tó mọ bó ṣe dé ibẹ̀. Ó pe ọmọkùnrin kan ní Fagge tó máa ń kó ọjà wá fún un. Orin ọmọkùnrin náà ń dún sí i létí, ohùn obìnrin kan wá já lu orin náà pé kó tẹ bọ́tìnnì oníràwọ̀ bó bá fẹ́ orin yẹn. Òyìnbó tí obìnrin náà ń sọ yára jù. Bàbá rò pé títẹ̀ ẹ́ ni yóò jẹ́ kí ọmọkùnrin náà tètè dáhùn, ló bá tẹ̀ ẹ́. Bí orin tí ọkùnrin kan ti ń bẹ obìnrin pé kó ju ìdí sí òun ṣe wọ orí fóònù Bàbá mi nìyẹn, tí obìnrin inú rẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín kan tí mi ò lè ṣàpèjúwe fún ọmọlúàbí.

Fúnmi, ọ̀rẹ́ mi tí ìyá rẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa, ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n mọ̀. Lásìkò ìsinmi nílé ìwé, ó dúró níwájú àwọn ẹgbẹ́ wa, ó ju ìdí sọ́tùn-ún, ó jù ú sósì, ó kọ orin náà tán pátápátá. Ó ní orin fóònù bàbá mi ni, pé gbogbo ìjọ ló mọ̀ ọ́n. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Mo ní irọ́ ni. Ojú tì mí débi pé mi ò lè jẹ ọ̀dùnkún tí Màmá dì fún mi. Mo gbé e padà sílé bó ṣe wà.

Màmá ń ṣa ẹ̀wà nígbà tí mo rò ó fún un. Mo rò pé yóò ní irọ́ ni. Ó kàn ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ ni. Òun náà ti gbọ́ ọ lọ́jọ́ tó yá fóònù aládùúgbò wa láti fi pe Bàbá lọ́jà. "Bàbá rẹ kì í ṣe ọmọdé," ló sọ. "Ohun tó wù ú ló fi síbẹ̀. Òun ló mọ ẹni tó fi í síbẹ̀ fún." Ó kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ dá a sọ. Ìgbà náà ló tó yé mi ìdí tí kì í fi í jókòó ti Bàbá mọ́ bó bá ń jẹun. Á gbé abọ́ kalẹ̀, á ní kí wọ́n jẹun o, á sì jáde. Bàbá á máa wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Ìkórè ń bọ̀ nígbà náà, wọ́n sì ti fẹnu kò pé Bàbá ni wọn yóò fi jẹ Bàbá Ìjọ. Ó ti rán sùtánà tuntun, ó fi kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, èmi ni mò ń gbọn eruku ọyẹ́ kúrò lára rẹ̀. Lójijì, àwọn àgbà ìjọ ní kí á ṣì máa fi àdúrà sí i. Wọn ò sọ ìdí. Ta ló máa kọjú sí àgbà bíi Bàbá mi kó sọ ọ̀rọ̀ orin ìdí jíjù fún un? Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Ó ń bi Ọlọ́run léèrè ohun tó dí òun lọ́nà, ohun náà sì wà ní ìbàdí rẹ̀ nínú àpò awọ.

Ẹni tó sọ fún un kì í ṣe Yorùbá rárá. Malam Sani ni, ọkùnrin Hausa tó ń ta aṣọ ní ìsọ̀ tó kángun sí tiwa. Mo ti ilé ìwé gba ọjà lọ lọ́jọ́ kan láti bá Bàbá to páálí, ni Malam Sani bá yọjú. "Baba, waƙarka tana da daɗi," ló wí. Ó ní orin Bàbá dùn, pé òun a tilẹ̀ máa dìídì pè é nígbà mìíràn kí òun lè gbọ́ ọ. Bàbá bi í pé orin wo. Malam Sani rò pé àwàdà ni. Ó tẹ nọ́ńbà, ó sì na fóònù tirẹ̀ sí Bàbá.

Bàbá gbé e sétí. Fóònù tirẹ̀ ń dún ní ìbàdí rẹ̀, kò gbé e. Ó dúró láàárín àwọn páálí mílíìkì, ó ń gbọ́ orin. Nígbà tí orin náà dákẹ́, ó ní kí Malam Sani bá òun pè é lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó tún gbọ́ ọ tán. Ó dá fóònù padà, ó dúpẹ́, ó wá kọjú sí mi.

"Ṣé o ti gbọ́ èyí rí?"

Mo wolẹ̀.

"Màmá rẹ ńkọ́?"

Ilẹ̀ náà ni mo ṣì ń wò. Kò bèèrè ti ìjọ mọ́.

Ó ti ìsọ̀ kí ọjà tó tú. Bí a ṣe ń lọ lójú Enugu Road, àwọn èèyàn ń kí i kú ọjà. Bàbá tó máa ń dúró bèèrè ọmọ lọ́wọ́ olúkúlùkù, ọwọ́ nìkan ló ń nà sókè, kò wojú ẹnikẹ́ni. Èmi ń tẹ̀ lé e, mi ò lè gbórí sókè. Nígbà tí a délé, kò pariwo. Ó sọ fún Màmá pé, "O gbọ́ ọ, o sì ń gbé oúnjẹ fún mi." Ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì oníràwọ̀ tó rántí pé òun tẹ̀, Màmá bú sẹ́kún, ó kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́.

Àwọn oní-fóònù yọ orin náà. Lọ́dún kejì, àwọn àgbà ìjọ gbé oyè náà wá, wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ orin yẹn ṣẹ̀fẹ̀. Bàbá ní kí wọ́n fún ẹlòmíràn. "Wọ́n bá mi gbàdúrà lórí ohun tí wọ́n mọ̀," ló sọ fún Màmá, ó sì fi sùtánà tuntun náà ta ẹnì kan lọ́rẹ. Láti ìgbà náà, bí ọjọ́ Sátidé bá ti dé, á ní kí n fi fóònù tó wá rà fún Màmá pe òun, á gbà á lọ́wọ́ mi, á sì gbọ́ ọ dópin. Bó bá jẹ́ ìró lásán, á mi orí pé ó dáa.

Ayé ti yàtọ̀ lónìí. Ìka kan ni àwọn ọmọ mi fi ń pe orin tó bá wù wọ́n láti ibikíbi láyé, kò sí ẹni tó ń kúnlẹ̀ nítorí rẹ̀, kálukú ló ki tirẹ̀ bọ etí. Mo máa ń sọ pé a ti gòkè. Ṣùgbọ́n orin lásán ni wọ́n fi dójú ti Bàbá mi. Tòní, ojú rẹ àti ohùn rẹ gan-an ni wọ́n ń gbé kiri orí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn àfi ìwọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wọ yàrá láti pe ọmọ mi obìnrin àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá jẹun. Ọ̀kan nínú wọn sín ohùn mi jẹ, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ọmọ mi sì yára da ojú fóònù dé.

Mo bi í pé kí ni wọ́n ń wò nípa mi níbẹ̀.

"Mọ́mì, ba komai," ó fi Hausa dá mi lóhùn pé kò sí nǹkan kan. Ilẹ̀ ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́. Bàbá mi ní kí wọ́n tún un pè kí òun gbọ́ ọ dáadáa. Èmi ò lè nawọ́ gba fóònù náà. Mo ní kí wọ́n wá jẹun, oúnjẹ ti ń tutù.