Sikí Òkúta Torleif

Solfrid, ìyàwó Torleif káfíńtà, kò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó. Ilé wa kọjú sí tiwọn ní àfonífojì Valdres níbí, mo sì ti bá wọn gbé pẹ́ débi pé mo lè ti inú ilé mi mọ ìgbà tí ara rẹ̀ kò balẹ̀. Á bu kọfí, á gbé e sílẹ̀ láìmu. Á ṣílẹ̀kùn, á wo òkè, á tún un tì. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi jókòó sídìí ẹ̀rọ ìgbowó nílé ìtajà abúlé wa. Àfi bíi pé gbogbo ìjókòó tí Ọlọ́run pín fún un ló ti lò tán níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n lọ́dún tí mò ń sọ yìí, àìbalẹ̀ náà nídìí. Egungun ìbàdí rẹ̀ lápá òsì ti gbó tán. Ilé ìwòsàn ti fún un ní ọjọ́ nínú ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Kejìlá, wọ́n máa gé èyí tó bàjẹ́ dànù, wọ́n á fi irin sí i. Dókítà ní kó má dá a láṣà láti gun sikí, pátákó méjì tí à ń so mọ́ ẹsẹ̀, tí à ń fi ọ̀pá ti ara wa yọ̀ lórí yìnyín, títí òtútù ọdún náà fi máa parí. Solfrid bi í pé, èyí tó ń bọ̀ ńkọ́? Dókítà ní, "A óò máa wò ó." "A óò máa wò ó" yìí ni kò jẹ́ kó rójú. Ohun kan náà ni wọ́n sọ fún ìyá rẹ̀ láyé ìjọ́un, sikí ìyá rẹ̀ sì parí sínú ọgbà, wọ́n fi gbé ẹ̀wà ró.

Nínú oṣù Karùn-ún ọdún yẹn kan náà, nígbà tí Solfrid pé ọgọ́ta ọdún, Torleif ra sikí tuntun fún un. Ẹ máa wo pátákó méjì tó gùn, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó dúdú, tó ń dán, tó fúyẹ́ débi pé ọmọ kékeré lè gbé e sáré. Kí ni wọ́n fẹ́ fi í ṣe nínú oṣù Karùn-ún? Yìnyín ti yọ́ tán. Bí Torleif ṣe gbé e kọ́ sára ògiri yàrá abẹ́ ilé nìyẹn, kò fara kan yìnyín rí. Ohun kan ṣoṣo tí Solfrid ń fẹ́ ni kó fi sikí yẹn yọ̀ lọ́jọ́ kan péré, òun àti ọkọ rẹ̀, títí dé adágún omi orí òkè, kí ọ̀bẹ tó kàn án.

Ẹ ó ní kí ló wá ṣòro nínú ìyẹn. Ó ṣòro o! Yìnyín oṣù Kọkànlá kì í nípọn. Òkúta ń bẹ lábẹ́ rẹ̀, ó ń dúró de ẹni tó máa kọjá. Nítorí náà kò sí ọmọlúwàbí kan tó ń gbé sikí rẹ̀ tó dáa jáde kí Kérésìmesì tó dé. Kálukú ló ní ògbólógbòó kan tó ti họra tán, sikí òkúta ni wọ́n ń pè é, òun ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá gbé tuntun jáde nígbà náà, ojú tí ẹ máa fi wo ẹni tó wọ léèsì lọ roko ni wọ́n máa fi wò ó. Ti Torleif tún wá burú ju ti gbogbo ayé lọ. Tó bá rí ibi tó ha lábẹ́ sikí, oúnjẹ ò ní lọ lọ́fun ẹ̀ mọ́, àfi tó bá yọ́ ike dúdú, tó kán an sínú ibẹ̀, tó sì fá a títí tó fi jọ̀lọ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ló gbọ́dọ̀ ṣe é, kò ní dọ̀la.

Yìnyín ò tíì dé nígbà tí mò ń wí yìí. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gun òkè ní ọjọ́ Ìsinmi gbogbo, mo sì bá wọn lọ lọ́jọ́ kan. Ewé ti rẹ̀ dànù tán, irà ti dì, ó le gbandi lábẹ́ bàtà. Oòrùn kàn yọjú bí ẹni tó fẹ́ béèrè nǹkan, ó sì padà. Ìgbà yẹn ń sú èèyàn. Kì í ṣe èyí, kì í ṣe tọ̀hún. Solfrid wà níwájú, ó ń tiro, síbẹ̀ ó ń yára jù wá lọ.

"Solfrid, rọra! Ta ló ń lé ẹ?" Torleif ló pariwo bẹ́ẹ̀.

"Oṣù Kejìlá ló ń lé mi."

A dé etí adágún omi náà, àwa méjì jókòó sórí àpáta, Solfrid jẹ búrẹ́dì àti wàràkàṣì pupa tirẹ̀ lórí ìdúró. Ó gbé imú sókè.

"Mò ń gbọ́ òórùn yìnyín."

"Kọfí lò ń gbọ́ òórùn ẹ̀," ni Torleif wí.

"Tó bá ti rọ̀ báyìí, sikí tuntun ni mo máa gbé."

"Sikí òkúta lo máa gbé, bíi gbogbo ọmọ èèyàn. Tuntun ò ní sá lọ, arúgbó mi. Ó máa wà níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀."

"Sikí á wà níbẹ̀. Èmi ńkọ́?"

Torleif mú ọsàn nínú àpò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó o. Ìwà ọkùnrin yẹn nìyẹn, tí ọ̀rọ̀ bá ti wúwo, ọsàn ló máa bó. Inú bí mi débi pé díẹ̀ ló kù kí n gba ọsàn náà lọ́wọ́ rẹ̀ kí n sọ ọ́ sómi. Ó pín in sí mẹ́ta, ó fún mi ní tèmi, mo sì jẹ ẹ́. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Yìnyín rọ̀ láàárín oṣù Kọkànlá. Kò pọ̀, ó kàn bo ilẹ̀ ni. Kí Solfrid tó wọ bàtà tán, Torleif ti to sikí òkúta méjèèjì sẹ́nu ọ̀nà, ó ti fi ìda ra abẹ́ wọn. Obìnrin náà wò ó, ó wo ọkọ rẹ̀, ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Wọ́n lọ. Àmọ́ sikí àtijọ́ yẹn ò di ilẹ̀ mú dáadáa mọ́, bó bá gbésẹ̀ kan síwájú, á yọ̀ padà sẹ́yìn, ìbàdí á sì já a jẹ. Wọn ò dé ìdajì òkè tí wọ́n fi padà, Solfrid di ọ̀pá sikí ọkọ rẹ̀ mú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pàdé Arnfinn tó ń gbé ìsàlẹ̀ odò, ọkùnrin tí kò mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn dákẹ́.

"Solfrid, mo gbọ́ pé o ní sikí tuntun. Ṣé ara ògiri lo ti ń gùn ún ni?"

Solfrid fi eyín rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì òjò dé, ó fọ gbogbo yìnyín náà dànù.

Háà, ọ̀sẹ̀ yẹn! Ó wá sílé mi láàárọ̀, ó wá lọ́sàn-án. Ó mú àkísà, ó ń nu tábìlì tí mo ti nù. Mo ní kó jókòó, ó ní òun ti jókòó. Orí ìdúró ló wà o!

"Ẹ̀rù ń bà mí," ló wí lójijì. "Kì í ṣe ọ̀bẹ ni mò ń bẹ̀rù. Bóyá èyí tí mo gùn lọ́dún tó kọjá ni ìkẹyìn, n ò sì mọ̀ nígbà tí mò ń gùn ún. Ọkàn mi ò tiẹ̀ sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ohun tí a máa jẹ tá a bá délé ni mò ń rò."

Mo gba àkísà náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú ilé ìwòsàn, ilẹ̀ mọ́ funfun báláú, yìnyín tún ti rọ̀ lóru. Òtútù mú, ojú ọ̀run mọ́ kedere. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bu kọfí ni mo gbọ́ ohùn Torleif níta.

"Aládùúgbò! Ṣé o rí ìyàwó mi?"

Mo yọjú. Sikí òkúta Solfrid wà lẹ́nu ọ̀nà níbi tí ọkọ rẹ̀ gbé e sí, Solfrid alára ò sí. Ojú ipa tuntun méjì, tóóró, gún régé, gba ẹ̀yìn ilé lọ sókè.

"Ó ti gbé e!" ni Torleif wí, àfi bíi pé wọ́n jí ọmọ rẹ̀ gbé.

Mo gbé tèmi, a tẹ̀ lé e. A rí i lókè lọ́hùn-ún, ó ń lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, mi ò rí obìnrin yẹn kó rìn báyẹn rí láti ọdún bíi mélòó kan. Kò tiro. Ó ń yọ̀ geere, ọ̀pá rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. Bó ṣe dé ibi tí wọ́n máa ń kó àgùntàn sí, a gbọ́ ọ: kàràààà!

Torleif dúró gbọn-in.

"Solfrid! Òkúta!"

Kò wẹ̀yìn. Kàràààà, òmíràn. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo wo ojú ọkùnrin náà, mo gbé e mì.

Etí adágún omi la ti bá a. Omijé ń dà lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ pọ́n koko. Torleif kúnlẹ̀ sínú yìnyín, ó bọ́ sikí náà kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó yí i padà. Ó ti ha yánnayànna. Ó fi àtàǹpàkò tọ ojú ọgbẹ́ kan láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Sọ ọ́," ni Solfrid wí. "Sọ ohun tó o fẹ́ sọ. Wọ́n máa la ara mi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, Torleif. Ta ni kí n máa tọ́jú sikí dè?"

Ọkùnrin náà mú ọsàn jáde. Mo ní, ó ti tún dé. Ṣùgbọ́n kò bó o. Ó kàn ń yí i lọ́wọ́.

"Báwo ló ṣe ń yọ̀?" ló bi í.

"Torleif, ó ń yọ̀ débi pé mo gbàgbé pé mo ní ìbàdí."

Ó gbé ọsàn náà lé e lọ́wọ́ lódidi. Ó tún sikí náà so mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. "Ó yá, jẹ́ ká lọ yí omi náà ká kí oòrùn tó wọ̀." Èmi padà sílé. Mò ń gbọ́ òkúta lẹ́yìn mi, kàrà, kàrà, mi ò gbọ́ ohùn Torleif rárá.

Iṣẹ́ abẹ náà lọ dáadáa. Nígbà tó fi di oṣù Kìíní, yìnyín ti dé ìbàdí, kò sí òkúta kankan lójú ayé mọ́, gbogbo abúlé ti gbé sikí gidi jáde. Solfrid wà lójú fèrèsé pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀ méjì, ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń yọ gbogbo wa lẹ́nu. Torleif nìkan ló ń fi sikí òkúta jáde. Arnfinn ló wá fi ṣe ẹ̀rín lọ́dọ̀ mi.

"Mo bi í pé òkúta wo ló ń bẹ̀rù nínú gbogbo yìnyín yìí. Ó ní òun ń dúró de ẹnìkan."

Ẹnu mi ò ní ìdérí, mo lọ sọ fún Solfrid. Ó ṣí fèrèsé gbayawu.

"Torleif! Padà wá síbí!"

Ó sáré padà. "Kí ló dé? Ṣé o ṣubú ni?"

"Sikí wo ló wà lẹ́sẹ̀ ẹ?"

"Èyí tó wà nítòsí ni."

"Irọ́! Ṣé èmi lò ń dúró dè?"

"Ta ni kí n tún dúró dè?"

"Má dúró dè mí! Dídúró yìí náà ló fẹ́ pa mí lóṣù Kọkànlá! Lọ gbé èyí tó dáa, jọ̀ọ́, kó o lọ dé orí omi, kó o wá sọ fún mi bó ṣe ń yọ̀!"

Ọkùnrin náà dúró níbẹ̀, ó rẹrí sílẹ̀. Ó bọ́ sikí òkúta, ó wọ abẹ́ ilé, ó pẹ́ kó tó jáde. Ó gbé sikí rẹ̀ tó dáa lé èjìká, ó sì fi ọwọ́ kejì gbé ti ìyàwó rẹ̀. Ó gún ti Solfrid mọ́lẹ̀ nínú yìnyín níwájú fèrèsé, ó kọjú abẹ́ rẹ̀ sí i. Gbogbo ojú ọgbẹ́ yẹn ṣì wà níbẹ̀, kò dí ẹyọ kan. Torleif o!

"Ìwọ lo ha á," ló wí, "ìwọ lo máa dí i. Mi ò ní bá ẹ ṣe é. Jẹ́ kára ẹ tètè yá."

Ó yọ̀ lọ. Solfrid ò tẹ̀ lé e láti fèrèsé kan dé èkejì bó ṣe máa ń ṣe. Ojú kan ló dúró sí, ó ń wo sikí náà títí ọkọ rẹ̀ fi padà dé. Mo gbé kọfí fún un. Ó fi ọ̀pá kan ti ògiri, ó gbà á, ó mu ún tán.