Obìnrin Tí Kò Buwọ́ Lu Fọ́ọ̀mù Hájì Mi

Àbúrò mi ọkùnrin ló fẹ́ obìnrin tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. N kò fẹ́ kó fẹ́ ẹ. Mo sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí nígbà náà, n kò sì ní díbọ́n lónìí pé n kò sọ ọ́. Abúlé kan lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin ni wọ́n ti bí i, nínú ilé tí wọ́n ti ń bọ Ògún lọ́dọọdún. Ní tiwa, ní Ìjẹ̀bú-Òde, inú kéwú ni wọ́n ti tọ́ wa dàgbà. Mo ti mọ álífù kí n tó mọ A, B, D, ilé ìwé tí àwọn mùsùlùmí àdúgbò wa dá sílẹ̀ ni mo sì ti kọ́ ìwé tí mo ń kọ yìí. Mo ní kí àbúrò mi wá ọmọ mùsùlùmí fẹ́. Ó ní òun ti rí ẹni tí òun fẹ́. Ọmọbìnrin náà gba ẹ̀sìn, a sì ṣe yìgì. Èmi gan-an ni mo jókòó sí ipò bàbá wa tó ti kú, tí mo gbà á sílé. Ṣùgbọ́n inú mi kò yọ́ sí i, òun náà sì mọ̀.

Bí obìnrin bá wọlé ọkọ lọ́dọ̀ wa, gbogbo ẹni tó bá nínú ilé náà ló di ọkọ rẹ̀, títí kan ọmọ ọwọ́. Kì í pè wá lórúkọ. Kì í dúró kí wa. Bí a bá rán an níṣẹ́, yóò jẹ́ ẹ. Ohun tí mo gbójú lé nìyẹn lọ́jọ́ tí mo lọ ṣàyẹ̀wò.

Ọdún tí mo fẹ́ lọ sí Hájì ni. Mo ti lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún. Páànù ni mo ń tà, ó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń jókòó sójú kan nínú ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó ń lọ ṣàyẹ̀wò ara, kí wọ́n tó lè fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù rẹ̀. Nígbà tí mo dé ilé ìwòsàn tí wọ́n júwe fún wa, ta ni mo bá nídìí tábìlì? Ìyàwó àbúrò mi, nínú aṣọ funfun nọ́ọ̀sì. Inú mi dùn. Mo ní ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Ó kúnlẹ̀ kí mi níwájú gbogbo èrò. Ó dìde, ó di ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ mi lápá, ó fẹ́ ẹ, ó wò ó. Ó tú u, ó dì í mọ́ apá kejì. Ó ní kí n lọ jókòó jẹ́ẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tí mo padà, ó tún un wọ̀n: 190 lórí 115.

"Ọkọ mi, ẹ̀jẹ̀ yín ru gan-an. Ẹ ò lè rìnrìn àjò báyìí. Dókítà gbọ́dọ̀ rí yín lónìí."

Mo rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyàwó, ṣebí ìwọ ló ń kọ ọ́? Kọ 120 lórí 80 síbẹ̀."

"N kò lè kọ ọ́."

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ẹ̀yin ni, ọkọ mi. N kò lè kọ ọ́."

Obìnrin kan tó tò sẹ́yìn mi pòṣé. "Bàbá, ẹ sún síbì kan jàre, kí àwọn tí ẹ̀jẹ̀ tiwọn ò ru lè ráyè." Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín. Mo já fọ́ọ̀mù mi gbà, mo sì jáde láìdé ọ̀dọ̀ dókítà kankan.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo pe ẹbí jọ sílé bàbá wa. Àbúrò bàbá wa obìnrin, ẹnì kan ṣoṣo tó kù nínú àwọn àgbà wa, ló jókòó sórí àga ńlá. Mo rojọ́. Mo ní obìnrin yìí dójú tì mí láàárín ìgboro. Àbúrò mi doríkodò, kò wo èmi, kò wo ìyàwó rẹ̀.

Ìyá àgbà kọjú sí ìyàwó náà, ó ní, "Kúnlẹ̀." Ó kúnlẹ̀.

"Ṣé o ní ọkọ rẹ ń ṣàìsàn ọkàn?"

"Ẹ̀jẹ̀ wọn ló ru, Ìyá. Ó lè di àìsàn ọkàn tí wọn ò bá tètè tọ́jú rẹ̀."

"Ẹni tó ti ń pariwo láti àárọ̀ báyìí? Tí ọkàn rẹ̀ bá ń ṣàìsàn, tí kò bá wá ṣàìsàn ń kọ́?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Obìnrin náà dúró kí ẹ̀rín parí. "Ọkọ mi, bí mo bá rí yín fín lójú èèyàn, ẹ foríjì mí. Mo tún bẹ̀ yín lẹ́ẹ̀kejì."

Mo yọ fọ́ọ̀mù lápò, mo nà á sí i. "Ó yá. Buwọ́ lù ú."

"Rárá."

"Ẹ rí i fúnra yín! Ẹ̀san ló ń gbà. Torí mo ní kí wọ́n má fẹ́ ẹ ni."

Ó gbójú sókè wò mí. Orí ìkúnlẹ̀ náà ló ṣì wà. Ó ní, "Òótọ́ ni, ẹ ò fẹ́ràn mi. Èmi náà ò fẹ́ràn yín, kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí n purọ́. Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, ẹ ní kí wọ́n ṣọ́ mi kí n má lọ gbé e dé ojúbọ. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹ̀san ni mo fẹ́ gbà, mo máa buwọ́ lù ú ni. Màá buwọ́ lù ú, màá tẹ òǹtẹ̀ lé e, màá sì sìn yín dé ẹnu ọkọ̀. Oòrùn ibẹ̀ àti ìrìn ibẹ̀ á bá mi gbẹ̀san tó kù."

Ìyá àgbà wò mí, ó sì yíjú sí i. "Dìde, ìyàwó." Bí ẹjọ́ mi ṣe parí nìyẹn.

Mo gba ilé lọ. Òótọ́ tí obìnrin náà sọ ló ń bí mi nínú. Ẹ̀yìn orí mi ń lù kìkì, bó ṣe ti ń lù láti oṣù mélòó kan tí mo ń sọ pé ooru páànù ni. Lọ́jọ́ kejì mo lọ rí dókítà. Ó kọ oògùn tí n ó máa lò lójoojúmọ́, ó ní kí n dín iyọ̀ kù, kí n sì máa rìn. Mo ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹ má rò pé ìfẹ́ ẹ̀mí mi ló mú mi ṣe é. Mo fẹ́ kí obìnrin yẹn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé ara mi le, kí ojú tì í.

Ìyàwó mi kó ẹja oníyọ̀ àti máàgì kúrò nínú ìkọ́kọrẹ́. Ohun tó kù kò yàtọ̀ sí lẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń lẹ ìwé mọ́ ògiri. Bí mo bá ti bù ú sẹ́nu, mo bú nọ́ọ̀sì. Ìyàwó mi á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dojú èébú yẹn kọ ibi tó ń lọ. Èmi kọ́ ni mo wọn ẹ̀jẹ̀ yín." Bí a bá ti kí ìrun àsùbáà tán, mo bọ́ sójú ọ̀nà Ìjagun. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sáré á kọjá lára mi: "Bàbá, ẹ rọra o!" Ìyẹn náà bí mi nínú. Mo máa ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú ìrun nítorí ìkórìíra inú mi, kí n tó rìn dé òpó iná kẹta, mo ti tún gbé e wọ̀.

Ọkọ̀ òfurufú Hájì gbéra láìsí mi. Ọ̀rẹ́ mi tó ń ta ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi lọ, ó sì bọ̀. Mo ń pè é ní Àlájì, mo ń payín keke.

Lóṣooṣù ni mo ń lọ wọn ẹ̀jẹ̀, n kò sì gbà kí nọ́ọ̀sì mìíràn fọwọ́ kàn mí.

"Ó ti wálẹ̀ díẹ̀, ọkọ mi."

"Mo mọ̀."

"Ẹ ò tíì fi iyọ̀ sílẹ̀ tán."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ẹ̀rọ ni."

Nígbà kan ara mi yá, mo sì dá oògùn dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó wọ̀n mí, kò bá mi wí. Ó kàn yí ìwé sí mi kí n fojú ara mi kà á. Nọ́ńbà náà ti fò sókè.

"Ara mi yá ni," mo ní.

"Ara yá bàbá kan ní Òdógbolú bẹ́ẹ̀ náà. Ní ọjọ́ kejì ẹnu rẹ̀ wọ́, apá kan kò sì gbéra mọ́." Ó pa ìwé dé. "Ẹni tó kàn!"

Mo rìn délé lọ́jọ́ náà láìbú u. N kò tún dá oògùn dúró mọ́.

Lọ́dún kejì mo tún gbé fọ́ọ̀mù tuntun lọ. Ó wọn apá ọ̀tún, ó wọn apá òsì, ó ní kí n jókòó, ó tún un wọ̀n: 128 lórí 82. Ó mú bírò, ó buwọ́ lù ú, ó tẹ òǹtẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sílẹ̀ láti fi dójú tì í fò lọ kúrò lórí mi.

"Inú àpò ọwọ́ ni kí ẹ kó oògùn yín sí," ó ní. "Ẹ má kó o sínú ẹrù tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ yín."

"Ṣé o rò pé n kò gbọ́n ni?"

"N ò sọ bẹ́ẹ̀, ọkọ mi."

Kò rẹ́rìn-ín. Èmi náà kò rẹ́rìn-ín. Títí di òní, àwa méjèèjì kì í jókòó pẹ́ nínú yàrá kan náà.

Ṣùgbọ́n mo lọ, mo sì bọ̀, alihamudulilahi. Ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi yí Káábà ká lẹ́ẹ̀méje, ẹnikẹ́ni kò dì mí mú. Mo gbọ́wọ́ sókè, mo ń dúpẹ́ fún ẹ̀mí mi, mo ń dárúkọ àwọn òbí mi, àwọn àfáà mi, ìyàwó àti ọmọ mi. Mo rí i pé ọpẹ́ náà kò lè pé tí n kò bá dárúkọ obìnrin yẹn. Ó ni mí lára. Mo dárúkọ rẹ̀, ó sì pẹ́ díẹ̀ kí n tó lè ṣe àmín.