Pẹ́pẹ́yẹ Tó Fẹ́ Dójú Tì Mí

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ka ìwé Yorùbá sétí èèyàn kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ẹgbẹ́ kan tó ń ran àwọn ọmọ ìlú wa, Àjàṣẹ́, níbi tí a ti ń fi èdè Faransé kẹ́kọ̀ọ́, lọ́wọ́ kó ìwé wá sí ilé ìwé wa. Ẹni tó bá kà á já ni yóò mú tirẹ̀ lọ sílé.

Ìyá àgbà mi wá gbọ́ mi. Mo rí "pẹ́pẹ́yẹ", mo sì pe "p" rẹ̀ bí ti "papa" lédè Faransé.

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?" ni ìyá àgbà wí.

Ẹ̀rín sọ. Mo fi àwòrán rẹ̀ nínú ìwé hàn án, ó sì pè é bí a ṣe ń pè é nílé. Mo tún un kà, mo kà á já.

Lójú ọ̀nà, ìyá àgbà, tí kò kàwé rí, dá mi dúró.

"Lẹ́tà wo ló fẹ́ dójú tì ọ́? Fi í hàn mí."

Bó ṣe mọ "p" nìyẹn, kó tó mọ "a".