Bí Wọ́n Ṣe Fi Mí Wọn Sàréè

Ìyálé mi ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí nílé ọkọ mi ní Ṣakí. Mi ò ní pe orúkọ rẹ̀. Gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé mi wọlé, òun ló yẹ kó da omi sí mi lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, bí wọ́n ti ń ṣe fún gbogbo ìyàwó. Ó gbé igbá omi náà kalẹ̀ níwájú mi, ó ní, "Tíṣà mọ̀wé. Kó wẹ ẹsẹ̀ ara rẹ̀." Mo bẹ̀rẹ̀, mo fọ ẹsẹ̀ mi lójú gbogbo ènìyàn. Láti ọjọ́ náà, kò pè mí ní ìyàwó rí. Ọkọ wa kú, mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, mo kọ́ ilé tèmi sí Ìsẹ́yìn, Tíṣà náà ló ń pè mí.

Nígbà tí àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n jọ ń gbé, ṣaláìsí, wọ́n fi fóònù pè mí ní ìdájí, mo sì lọ. Ẹ má rò pé ìfẹ́ ló gbé mi lọ. Mo fẹ́ mọ ohun tí yóò pè mí lọ́jọ́ tó bá nílò mi.

Kí n tó dé, wọ́n ti wẹ òkú, wọ́n ti fi likáfánnì dì í, wọ́n sì ti gbẹ́ sàréè sí ẹ̀yìnkùlé. Ó ku kí wọ́n kírun sí i lára, kí wọ́n sì gbé e wọlẹ̀ kí Alásárì tó dé. Àfáà yọjú wo kòtò náà. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọmọdé la fẹ́ sin ni?"

Olóògbé ga. Òun nìkan ló ga tó mi nínú ilé yẹn. Wọ́n ti fi pòròpórò ọkà bàbà kan wọ̀n ọ́n láàárọ̀, wọ́n gé e ní ìwọ̀n gígùn rẹ̀, wọ́n fi ti ògiri. Àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ wá wọlé lọ mu gààrí. Ewúrẹ́ jẹ pòròpórò náà láti òkè wálẹ̀, ó sì fi ìyókù sílẹ̀ ní ìdúró bó ṣe bá a. Ìyókù yẹn ni wọ́n fi gbẹ́ sàréè. Ewúrẹ́ náà ṣì wà níbẹ̀, ó ń jẹ àpọ̀jẹ.

Ọ̀gá àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ ní kí wọ́n tún òkú wọ̀n. Ìyálé mi dìde, ó dí ẹnu ọ̀nà yàrá.

"A kì í wọn òkú lẹ́ẹ̀mejì. Òkú tí wọ́n bá wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, ó ń wá ẹnì kejì ni."

"Ìyá, kò sí nínú kéwú," Àfáà wí.

"Bẹ́ ẹ ò bá rí i nínú kéwú, ẹ ó rí i nínú ilé yìí." Ó wò yíká, ojú rẹ̀ bà lé mi. "Tíṣà ńkọ́? Wọ́n jọ ga bákan náà ni. Ẹ wọn Tíṣà."

Mo ní, "Ìyá, ẹ̀ ń bẹ̀rù kí òkú má wá ẹnì kejì, ẹ wá ń fi mí hàn án?"

"Ṣé ìwọ tó o kàwé gba irú ẹ̀ gbọ́ ni? Tó ò bá gbà á gbọ́, dùbúlẹ̀."

Gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, obìnrin tí kò wọ kíláàsì rí ló sé mi lẹ́nu. Mo ní kí wọ́n wọ̀n mí ní ìdúró.

"Mọ̀mọ́," ọ̀gá náà wí, "a kì í sin ènìyàn ní ìdúró."

Mo tẹ́ ìborùn mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò, mo dùbúlẹ̀, mo di ojú nítorí oòrùn. Ó fi ọkọ́ fa ìlà sókè orí mi.

"Ẹ na ẹsẹ̀ dáadáa, Mọ̀mọ́. Ẹ má ká orúnkún kò, a ò fẹ́ kó tún kéré."

"Rọra o. Má fi ọkọ́ gé mi lẹ́sẹ̀."

Ìgbà yẹn gan-an ni àwọn obìnrin méjì tó wá bá wọn kẹ́dùn láti Ìlerò sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Wọ́n rí kòtò, wọ́n rí Àfáà, wọ́n rí mi. Igbe ta.

"Yéè! Wọn ò tiẹ̀ fi likáfánnì dì í!"

"Awò ojú ṣì wà lójú ẹ̀!"

Mo lajú. Ìwà ọmọlúwàbí ni wọ́n kọ́ mi. Mo ní, "Ẹ kú ìrìn o."

Wọ́n sá gba orí àkìtàn lọ. Bàtà ẹsẹ̀ kan já bọ́ sínú sàréè, Àfáà sì ní kí wọ́n yọ ọ́.

Ìyálé mi, tí omijé kankan kò tíì jáde lójú rẹ̀ láti àárọ̀, bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú, ó ń ké sí àbúrò rẹ̀ pé kó jáde wá wo nǹkan, ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti di ẹkún. Ó sunkún débi pé wọ́n ní láti dì í mú.

Ọ̀gá parí ìlà rẹ̀. Mi ò lè dìde. Orúnkún mi kọ̀. Mo wà nílẹ̀ níbẹ̀, mo ń rò ó pé mo ti dùbúlẹ̀ fún ìyálé mi tán, Tíṣà náà ni mo ṣì jẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi. Kò da omi sí mi lẹ́sẹ̀ o; ẹ má retí ìyẹn. Ó fi etí aṣọ nu imú, ó na ọwọ́ sí mi, ó ní:

"Ìyàwó, dìde nílẹ̀. Èmi ni ìyálé ẹ. O ò gbọdọ̀ ṣíwájú mi."